Etí ètè: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Ìlọrin ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nípa etí ètè níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ wọn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í dá mi dúró lọ́nà béèrè nǹkan. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí kí ẹni tí kò bá mi pàdé náà lè rí i kà.

Kí lẹ ń pè ní etí ètè gan-an?

Ẹ dúró síwájú dígí ní ojúmọmọ. Ẹ wo ibi tí awọ ojú parí sí, tí ètè fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó yí ẹnu ká láti igun kan dé èkejì. Etí ètè nìyẹn, bí a ṣe ń sọ pé etí aṣọ tàbí etí odò. Lára òyìnbó, ètè pupa ló fi ń hàn. Lára tiwa, ètè òkè lè dúdú ju awọ ojú lọ kí ti ìsàlẹ̀ sì pọ́n díẹ̀, àbùkù kankan ò sí níbẹ̀. Ohun tí à ń wò ni pé àwọ̀ kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé sì mọ́ ṣáká.

Ẹ sún mọ́ dígí sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn, níhà awọ ojú, ẹ ó rí i pé ara ibẹ̀ ga díẹ̀, bí etí ìkòkò tí àwọn ìyá amọ̀kòkò wa ní Dádà, ní Òkèlele, máa ń fi ọwọ́ tútù yí ká kí wọ́n tó gbé e sínú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ máa ń dá lé ibi gíga yẹn, òun ló ń jẹ́ kí ẹnu èèyàn hàn yàtọ̀ láti òkèèrè. Ní àárín ètè òkè, ìlà náà tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Kòtò kékeré tó ti abẹ́ imú sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sí àárín ọrun yẹn gẹ́lẹ́, ebè kéékèèké méjì sì tò tì í lọ́tùn-ún lósì. Gbogbo èyí ni dókítà ń wò bí ẹni ń wo òkúta ààlà nígbà tí ètè bá ya.

Ìlà mìíràn tún wà tí a kì í kà sí: ibi tí ètè gbígbẹ ti pàdé ètè tútù ti inú ẹnu. Tí ẹ bá pa ẹnu dé, ibẹ̀ ni ètè méjèèjì ti ń kan ara wọn.

Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?

Iṣan ẹran kan ló yí ẹnu ká bí okùn tí wọ́n kó sínú ìbàdí kẹ̀ǹbẹ̀. Òun la fi ń pa ẹnu dé, òun la fi ń mu omi láìjẹ́ kó dà sílẹ̀, òun ni ọmọ fi ń fa ọmú. Ẹ wo àwọn tó ń fọn kàkàkí láàfin Ẹ́mírì Ìlọrin: ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ló wú lójú ẹni tó ń wò, àmọ́ iṣan etí ètè yẹn ló di afẹ́fẹ́ mú.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì, ọ̀kan fún ètè òkè, ọ̀kan fún ti ìsàlẹ̀, ń gba inú ètè lọ nítòsí ibi tó tutù. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rọra mú ètè ìsàlẹ̀ yín, ẹ̀ẹ́ gbọ́ bó ṣe ń lù kì kì kì. Ìdí nìyẹn tí egbò ètè kékeré fi ń da ẹ̀jẹ̀ tó ń dẹ́rù ba gbogbo ilé. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára wá sí ètè òkè gba ihò kan jáde lábẹ́ ojú. Ti ètè ìsàlẹ̀ gba ihò kan jáde ní egungun àgbọ̀n. Èyí tó ń mú ètè rìn yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyẹn, ẹ̀gbẹ́ etí ló ti wá. Bí ẹnu àgbàlagbà bá ṣàdédé fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ ní wàràǹṣeṣà, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ lè ti dé. Kò sí àkókò àgbo níbẹ̀.

Kí ló dé tí ètè ń là lásìkò ọyẹ́, tí awọ ọwọ́ kì í là tó o?

Awọ ètè tín-ín-rín ju ti ojú lọ, kò ní irun, kò sì ní àwọn àpò kéékèèké tó ń mú òógùn àti ọ̀rá jáde bíi ti awọ yòókù. Kò sí ohun tí yóò fi ra ara rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, omi ara rẹ̀ á gbẹ, á là. Èèyàn á wá máa fi ahọ́n lá a, itọ́ náà á sì gbẹ kíákíá, á tún gbé omi tó kù lọ. Ẹ dẹ́kun fífi ahọ́n lá a. Ẹ fi òrí pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìpínlẹ̀ òrí la wà. Kò sí ìdí tí ọmọ Kwara yóò fi na owó gọbọi sórí ọ̀rá tí wọ́n kó wá láti òkè òkun.

Ọmọ mi ṣubú, ètè rẹ̀ ya. Ṣé kí n gbé e lọ sí kẹ́míìsì ìtòsí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù pé kí wọ́n bi mí kí ọmọ tó ṣubú.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 10, ẹ má ṣí i wò láàárín. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án. Ẹ ka eyín rẹ̀: bí ọ̀kan bá kán, ẹ wá èérún rẹ̀, nítorí ó máa ń wọnú ètè lọ, tí wọ́n á sì rán egbò pa mọ́ ọn. Bí eyín àgbà bá yọ lódindi, ẹ di orí rẹ̀ mú, kì í ṣe gbòǹgbò rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sínú mílíìkì, kẹ́ ẹ sì gbé e dání lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín kíákíá. Ẹ má da kẹrosín sí egbò náà, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín dí i, ẹ má sì tú kápúsù sí i. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣa ìyẹ̀fun kápúsù kúrò nínú egbò ètè láìmọye ìgbà.

Nígbà náà ni kẹ́ ẹ wò ó bóyá egbò náà gba orí ìlà etí ètè kọjá. Bó bá wà nínú ẹnu nìkan, tó sì kéré, ó lè san fúnra rẹ̀. Bó bá ti kọjá orí ìlà, kódà kó má ju èékánná lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò mọṣẹ́ náà fọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà bá fi mìlímítà 1 péré yẹ̀ lórí ara wọn, ẹni tó bá ń bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ yóò rí i títí ayé rẹ̀.

Ẹ wo aṣọ òfì. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ wa n'Ílọrin ń hun ún. Nígbà tí aránṣọ bá ń so wọ́n pọ̀, tí àwọn ìlà ara aṣọ náà kò bá wọnú ara wọn, ẹ lè ra òwú tó dára jù lọ, agbádá náà ti bàjẹ́. Bí ètè ṣe rí nìyẹn. Dókítà tó mọ̀ ọ́n máa kọ́kọ́ fi ínkì sàmì sí etí ètè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì egbò kó tó gún abẹ́rẹ́ kankan, torí pé omi abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora máa ń mú ètè wú, ìlà á sì pòórá lójú. Àwọn mìíràn kì í gún ètè rárá: ibi tí iṣan ìmọ̀lára ti jáde, lábẹ́ ojú tàbí ní àgbọ̀n, ni wọ́n ń gún, gbogbo ètè á sì kú tipiri láìwú. Bí egbò náà bá jìn, wọ́n á kọ́kọ́ rán iṣan ẹran inú rẹ̀. Tó bá wá kan awọ òde, ojú okùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà gan-an, kí wọ́n tó rán òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 5, wọ́n á tú okùn ara awọ. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èèyàn tàbí ẹran ló gé e jẹ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Bó bá jẹ́ ajá, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti wọ̀ ọ́.

Ara mi ni mo ti kọ́ ọ. Ọmọkùnrin mi ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 6. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà. Ibi tó sún mọ́ ilé ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì fi ojú okùn mẹ́ta rán an lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fóònù. Ìkánjú ni, wọ́n fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Nígbà tí wíwú náà lọ, etí ètè òkè rẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn: apá òsì ga, apá ọ̀tún relẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ìyá ẹlòmíràn!

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, àkókò ṣì wà. Egbò ojú ṣeé rán láàárín wákàtí 24. Ó sàn kí ọmọ dúró de ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n di àárọ̀ ju kí wọ́n rán an ní ìránkúràn lóru.

Ọmọ mi kékeré fi ẹnu gé wáyà iná jẹ.

Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Igun ẹnu ló sábà máa ń jó. Ojú jíjó náà lè dà bíi pé kò le, ṣùgbọ́n nígbà tí èèpá rẹ̀ bá ń ṣí, láàárín ọjọ́ 5 sí 14, iṣan ẹ̀jẹ̀ ètè lè bẹ́ lójijì. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní tí nǹkan bá sú sí èèyàn lẹ́nu, ibà ló ń jáde. Ṣé òótọ́ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń sọ, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Ara gbóná, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ìléròrò kéékèèké olómi sú jọ sí etí ètè. Ṣùgbọ́n ibà kọ́ ló jáde. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní herpes simplex ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kó o láti kékeré, lára ìfẹnukonu tàbí itọ́. Kì í kúrò lára mọ́: inú iṣan ìmọ̀lára ojú ló máa ń sùn sí. Tí ara bá gbóná, yálà ibà ni o, ọ̀fìnkìn ni o, tàbí tí oòrùn bá pa èèyàn púpọ̀, tàbí tí àárẹ̀ pọ̀, tàbí tí nǹkan oṣù bá dé fún obìnrin, kòkòrò náà á jí, á gba ojú iṣan padà wá sí etí ètè.

Ẹni tó ti ń ṣe máa ń mọ̀ kó tó yọ: ibẹ̀ á máa yún un, á máa ta á ṣókí ṣókí. Àsìkò yẹn ni oògùn aciclovir wúlò jù. Bí ẹ kò bá lo nǹkan kan, ó máa ń san láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ má fi ọwọ́ tó kàn án kan ojú, ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Ẹ má tìtorí rẹ̀ gbà pé ibà ti lọ. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹni tí èyí bá wà lẹ́nu rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹnu ko ọmọ tuntun, ì báà jẹ́ ìyá àgbà. Níbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ á máa ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, gbogbo èèyàn á máa fẹnu kò ó. Kòkòrò tí kò ju ìléròrò lọ lẹ́nu àgbàlagbà lè pa ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan.

Igun ẹnu mi là, kò sì fẹ́ san.

Itọ́ tó ń dúró síbẹ̀, kòkòrò olú tó ń hù nínú ọ̀rinrin yẹn, àìtó ẹ̀jẹ̀, àìtó fítámì B2: àwọn wọ̀nyí ló sábà máa ń fà á. Lára àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ti tán, ètè máa ń wọ́ kọ́ra, igun rẹ̀ á sì máa tutù. Ẹ jẹ ẹ̀dọ̀, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, wàrà. Tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wò.

Èyí yàtọ̀ sí ti ọmọ kékeré tí àìjẹunkánú ti bá jà, tí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, tí ìdí eyín rẹ̀ wá ń rà tí ó ń rùn. Noma nìyẹn lè jẹ́. Ó máa ń jẹ ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì ní December 2023, ilé ìwòsàn tó wà fún un sì wà ní Sókótó. Tẹ́ ẹ bá tètè gbé ọmọ náà lọ, oògùn lè dá a dúró.

Tí mo bá ti lo oògùn kan, ibì kan náà lètè mi á dúdú.

Ṣé Septrin ni, àbí Fansidar, àbí oògùn ara ríro? Ara yín kọ oògùn náà ni. Àmì rẹ̀ ni pé ibì kan náà ló ń padà sí ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lò ó: á yún yín, á ta yín, á sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Etí ètè wà lára ibi tó fẹ́ràn jù. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ fún gbogbo dókítà tẹ́ ẹ bá bá pàdé. Bí gbogbo ètè bá bó, tí ojú pọ́n, tí ara sì ń ṣí, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ètè bàbá wa wú lójijì, kò jẹ nǹkan tuntun kankan.

Ẹ wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò. Lisinopril, ramipril àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lè mú ètè wú, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó fún oṣù tàbí ọdún, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Bí ahọ́n bá bá a wú, tàbí tí ohùn yí padà, ọ̀nà ọ̀fun lè dí. Ẹ má dúró wá orúkọ oògùn. Ẹ wá ọkọ̀.

Ẹ máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí àfín máa wo etí ètè. Kí nìdí?

Nítorí oòrùn Ìlọrin kì í ṣeré, ètè ìsàlẹ̀ ló sì ń kọjú sí i. Awọ àfín kò ní àwọ̀ dúdú tó ń dáàbò bo tiwa. Kí jẹjẹrẹ ètè tó dé, ó sábà máa ń kọ́kọ́ fi àmì kan hàn: ìlà etí ètè tó mọ́ ṣáká á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ẹ ò ní mọ ibi tí ètè parí sí mọ́. Ibẹ̀ á gbẹ, á máa bó, á funfun ní ojú kan, á pọ́n ní òmíràn. Bí egbò bá wá wà níbẹ̀ tí kò san fún ọ̀sẹ̀ 3, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Fìlà tàbí akoto tí etí rẹ̀ gbòòrò, ìpara tó ń dènà oòrùn fún ètè, iṣẹ́ tí àfín lè máa ṣe lábẹ́ ibòji: ẹ má kà á sí ìkẹ́ra, ìtọ́jú ni.

Àwa tí a kì í ṣe àfín náà kò bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Sìgá àti aṣáà tí àwọn àgbà ń fi sábẹ́ ètè máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Alfa kan bi mí: ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tó là, ṣé ó lè ka kéwú?

Ó dùn mọ́ mi pé alfa ló béèrè, nítorí ó mọ ohun tí ètè ń ṣe. Lẹ́tà Lárúbáwá bá àti mím kò ṣeé pè láìjẹ́ pé ètè pàdé. Èdè tiwa gan-an kún fún irú wọn: b, m, p, gb. Nínú p àti gb, ètè á pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n á sì kan òkè ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ náà lè kà á, Alfa. Tó bá jẹ́ ètè nìkan ló là, tí wọ́n sì rán an dáadáa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń já geere. Tí àjà ẹnu bá là pẹ̀lú, iṣẹ́ abẹ mìíràn wà fún un, ó sì lè nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Ìrìn ọ̀sán gangan kọ́ ló fà á, èpè orogún kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 7 nínú oyún, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún, ni awọ ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ ń wá pàdé láàárín láti di ètè òkè. Nígbà mìíràn wọn kì í pàdé. Ó lè jẹ́ ti ìdílé. Sìgá, ọtí àti àwọn oògùn kan lè dá kún un. Kẹ́ ẹ lo folic acid kí oyún tó dé dára púpọ̀. Ẹ má sì mu àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ nínú oyún: ọtí lè jẹ́ kí ètè òkè ọmọ tín-ín-rín, kí kòtò abẹ́ imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ọpọlọ rẹ̀ má sì jí tó.

Òfin tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń lò tipẹ́ ni mẹ́wàá mẹ́wàá: kí ọmọ pé bí ọ̀sẹ̀ 10, kó wọn bíi kílò 4.5, èyí tó jẹ́ pọ́n-ùn 10, kí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú àyẹ̀wò sì tó gíráàmù 10 nínú dẹ̀sílítà kan. Ní àwọn ọdún 1950, Ralph Millard ará Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ń gbà yí ẹ̀gbẹ́ kan ètè sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì ń fa ẹ̀gbẹ́ kejì wá bá a, kí ọrun àárín ètè lè padà sípò. Wọ́n ṣì ń lò ó. Ìlà etí ètè kan náà tí mò ń sọ láti òkè ni wọ́n ń sàmì sí kí abẹ tó kan awọ.

Ní ti owó, ẹ lọ béèrè ní UITH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Àjọ Smile Train ń san owó iṣẹ́ abẹ yìí ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ gbé ọmọ dúró ṣánṣán tó bá ń mu ọmú. Ẹ má bò ó lójú tí àlejò bá dé.

Pẹ́ńsùlù ètè àti ìpara tó ń mú ètè pọ́n ńkọ́?

Pẹ́ńsùlù kò ní wàhálà, tó bá jẹ́ tìrẹ nìkan. Ìpara ìbóra tó ní mẹ́kúrì kò gbọ́dọ̀ dé ètè rárá. Ibi tí oúnjẹ ń gbà wọlé nìyẹn.

Kí ló dé tí dókítà máa ń ṣí ètè ìsàlẹ̀ mi wò?

Láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára yín ni. Lára aláwọ̀ dúdú, òde ètè lè má sọ òótọ́, inú rẹ̀ ló máa ń fi hàn. Bó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ lè má tó. Bó bá dà bí àró, afẹ́fẹ́ ni kò tó.

Ọmọ yín tí ètè rẹ̀ yẹ̀, kí ló padà ṣẹlẹ̀?

A dúró ọdún kan kí àpá náà tó rọ̀. Dókítà tó tún un ṣe jẹ́ kí n wà níbẹ̀. Ó fi ínkì sàmì sí i, ó tún un wò, ó pa á rẹ́, ó tún un sàmì. Ìyẹn pẹ́ ju rírán án gan-an lọ. Nígbà tí wọ́n tú okùn, mo gbé dígí kékeré fún ọmọ náà, ó sì fi ìka tọ ìlà náà láti igun kan dé igun kejì láìdúró. Ó ti pé ọmọ ọdún 15 báyìí. Tó bá rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mo mọ ibi tí màá wò.